Àpótí Ìmọ̀: Ọ̀rá Nínú Àtọ̀ Ẹṣin

Ẹṣin ò wọ́pọ̀ ní Ìgbò-Ọrà àti Erúwà. Ewúrẹ́ àti màlúù Fúlàní ló pọ̀ níbẹ̀, nítorí àìsàn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri kì í jẹ́ kí ẹṣin gbádùn ní agbègbè wa. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ inú àtọ̀ ẹṣin kan òbúkọ wa náà.

Ọ̀rá pọ̀ nínú awọ fẹ́lẹ́ tó bo sẹ́ẹ̀lì àtọ̀. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ń ti inú oúnjẹ gba ẹ̀jẹ̀ dé kóró ẹpọ̀n. Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, oríṣi ọ̀rá kan, ló ń mú awọ náà dúró gírí, ti akọ ẹṣin sì kéré sí ti akọ màlúù. Nítorí náà ni òtútù òjijì fi ń ba àtọ̀ ẹṣin jẹ́: lábẹ́ maikirosikóòpù, sẹ́ẹ̀lì tó ń sáré tààrà tẹ́lẹ̀ á máa yí po lójú kan.

Ní 1939, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ Phillips ní Wisconsin, Amẹ́ríkà, fi pupa ẹyin adìẹ tọ́jú àtọ̀ akọ màlúù. Ọ̀rá inú ẹyin ló ń dáàbò bo awọ sẹ́ẹ̀lì náà lọ́wọ́ òtútù. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún ti òbúkọ! Èròjà kan nínú omi àtọ̀ rẹ̀ máa ń gé ọ̀rá ẹyin wẹ́wẹ́, ohun tó bá sì jáde níbẹ̀ á pa sẹ́ẹ̀lì. Ẹ kọ́kọ́ fọ omi náà kúrò, kí ẹ tó po ẹyin mọ́ ọn.