Tòmátò Lórí Gbòǹgbò Ikàn

Tòmátò lè tutù yọ̀yọ̀ láàárọ̀, kí ewé rẹ̀ rọ lọ́sàn-án. Ẹ bomi sí i títí, kò gbọ́. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ó ti kú, ewé rẹ̀ kò tilẹ̀ tíì pọ́n. Ẹ gé igi rẹ̀ nísàlẹ̀, kí ẹ ti ojú ọgbẹ́ náà bọ omi tó mọ́ nínú ife. Bí ohun funfun bí omi wàrà bá ń ṣàn jáde, kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ́ Ralstonia ló pa á. Inú ilẹ̀ ló ń gbé. Gbòǹgbò ló ń gbà wọlé, á sì dí ọ̀nà tí omi ń gbà gòkè. Kò sí oògùn tó ń wo igi tó bá ti mú. Lọ́dún tó ń bọ̀, ó ṣì wà nínú ilẹ̀ yẹn.

Ṣé ká wá fi ilẹ̀ sílẹ̀ ni? Ta ló ní òmíràn? Ọgbọ́n tó wà ni pé kí gbòǹgbò tòmátò má kan ilẹ̀ náà rárá. Àwọn irú ikàn kan wà tí àrùn yìí kì í tètè ràn, a sì lè lọ́ tòmátò sára wọn, kí orí tòmátò máa dàgbà lórí gbòǹgbò ikàn. Ilé ìwádìí ewébẹ̀ tó ń jẹ́ World Vegetable Center ní Taiwan ti ṣa irú wọn jọ. Kì í ṣe gbogbo ikàn o! Àrùn náà ń pa òmíràn bó ṣe ń pa tòmátò.

Ẹ kọ́kọ́ gbin ikàn, torí kì í tètè dàgbà, kí ẹ tó gbin tòmátò ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí igi méjèèjì bá nípọn bákan náà, ní nǹkan bíi mìlímítà 2, ẹ fi abẹ́fẹ́lẹ́ tuntun gé wọn ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ orí ikàn nù, ẹ sọ ìdí tòmátò nù, kí ẹ wá fi rọ́bà kékeré so ojú ọgbẹ́ méjèèjì pọ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló le jù. Orí tòmátò kò tíì máa rí omi mu dáadáa láti ìsàlẹ̀, nítorí náà oòrùn tàbí afẹ́fẹ́ díẹ̀ ti tó láti pa á. Ẹ gbé wọn sí abẹ́ ìbòjì, ẹ fi náílọ́ọ̀nù bò wọ́n kí inú rẹ̀ lè máa rin, kí ẹ sì máa ṣí i díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ojú ọgbẹ́ bá ti jinná.

Àṣà wa ni láti ri igi tòmátò mọ́lẹ̀ dáadáa nígbà tí a bá ń gbìn ín. Níbí, àṣà yẹn ló ń ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́: bí ojú ìlọ́ bá kan ilẹ̀, tòmátò á ta gbòǹgbò tirẹ̀, àrùn á sì gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ jẹ́ kí ojú ìlọ́ wà lókè ilẹ̀. Ẹ máa já ẹ̀ka tí ikàn bá yọ nísàlẹ̀ pẹ̀lú.

Ó ń náni lówó, torí irúgbìn méjì là ń rà fún igi kan. Kò sì dá àrùn ewé dúró. Ilẹ̀ tí kòkòrò yìí kò bá sí nínú rẹ̀, ẹ gbin tòmátò yín síbẹ̀ láìlọ́ ọ.