Bí Ọkàn Bá Dá Iṣẹ́ Dúró Lójijì

Ẹ̀kọ́ wa ti ìgbà yìí kì í ṣe lórí owó àjẹṣẹ́kù tàbí ẹ̀yáwó. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni, nítorí ẹni tó wà láàyè ni í dá owó, òun náà ni í jẹ èrè rẹ̀.

Ní ọjọ́ 12 oṣù August, ọdún 1989, Samuel Okwaraji, ọmọ ọdún 25, ṣubú lulẹ̀ ní National Stadium, Sùúrùlérè, nígbà tí Nàìjíríà ń bá Angola gbá bọ́ọ̀lù. Ó sì kú. Àyẹ̀wò fi hàn pé ọkàn rẹ̀ ti tóbi ju bó ti yẹ lọ, àti pé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní ọjọ́ 12 oṣù June, ọdún 2021, Christian Eriksen, agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Denmark, ṣubú ní Copenhagen. Kíá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà rẹ̀, wọ́n sì fi ẹ̀rọ oníná ta ọkàn rẹ̀ jí. Ó yè, ó sì padà sórí pápá ní ọdún 2022. A kò sọ pé ọ̀ràn àwọn méjèèjì rí bákan náà. Ohun tí a rí kọ́ ni pé alágbára lè ṣubú láìròtẹ́lẹ̀, àti pé ọwọ́ tó bá tètè dé lè gba ẹ̀mí là.

Ọkàn ni ó ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ. Bí ó bá dúró, ọpọlọ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ láàárín ìṣẹ́jú 4 sí 6. Ẹ wá wo Agbára wa yìí. Kí ọkọ̀ tó la àárín àwọn tírélà kọjá, kí ó gba Lúsàdà àti Àtàn dé Ọ̀tà, ìṣẹ́jú wọ̀nyí ti tán. Nítorí náà, ẹni tó wà nítòsí ni dókítà àkọ́kọ́.

Ohun tí a óò ṣe nìyí:

1. Bí iná mànàmáná bá gbé e, ẹ kọ́kọ́ pa iná náà.
2. Ẹ pè é, ẹ mì í ní èjìká. Bí kò bá dáhùn, tí kò sì mí, tàbí tí ó kàn ń mí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹja orí ilẹ̀, ẹ ké sí ènìyàn. Kí ẹnì kan pe 112, kí ẹlòmíràn wá ọkọ̀.
3. Ẹ tẹ́ ẹ sí ẹ̀yìn lórí ilẹ̀ tó le. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ kan lé àárín àyà, kí èkejì wà lórí rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, kí ẹ jẹ́ kí àyà padà sókè, ní ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan.
4. Ẹ máa gbà á lọ́wọ́ ara yín ní ìṣẹ́jú méjì-méjì. Ẹ má dáwọ́ dúró títí yóò fi mí, tàbí títí oníṣègùn yóò fi gbà á.

Ẹ má da omi sí i lẹ́nu, ẹ má fi ṣíbí la eyín rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, ẹ má jẹ́ kí ìtìjú dá yín dúró. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí a tẹ àyà fún ni yóò jí, ṣùgbọ́n ìwòran kò jí ẹnikẹ́ni rí.

Fún ìjíròrò ní ìpàdé:

Ta ni nínú ṣíìfù kọ̀ọ̀kan tó mọ iṣẹ́ yìí? Ọkọ̀ ta ni a óò lò ní òru? Ṣé a lè pe Red Cross wá kọ́ wa? Ìgbà wo ni a wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wa kẹ́yìn?

Owó pàjáwìrì ni a ń kó jọ kí wàhálà tó dé. Ìmọ̀ yìí náà, ẹ jẹ́ kí a kó o jọ. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.