Igi Àjàrà àti Àwọn tí Ń Ro Oko Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ nínú àwa olùkọ́ ni ó ti dúró níwájú àwọn ọmọ láti sọ̀rọ̀ nípa igi àjàrà, nígbà tí ojú wa kò tíì rí i rí. A ń wí pé ó ní ẹ̀ka, a ń wí pé a máa ń rẹ́ ẹ, a ó sì tètè ré e kọjá, kí ọmọ kan má baà bi wá ní ohun tí a kò lè dáhùn. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀nà là fún wa láti dé Gúúsù Áfíríkà nínú oṣù Keje, a bẹ àwọn tí ó gbà wá lálejò pé kí wọ́n mú wa lọ sí ọgbà àjàrà kan tí ìdílé kan ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe.

Àfonífojì Franschhoek ni wọ́n mú wa lọ, ní ìwọ̀n kìlómítà 75 sí ìlú Cape Town. Òkè olókùúta yí i ká, ìkùukùu sì wé mọ́ orí wọn bí gèlè. Ní àtijọ́, Igun Erin ni àwọn ará Hólàǹdì ń pè é. Ní 1688 ni àwọn Huguenot dé, àwọn Kristẹni Pùròtẹ́sítáǹtì ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n sá kúrò nílé lẹ́yìn tí Ọba Louis Kẹrìnlá ti pa òfin tí ó ń dáàbò bò wọ́n rẹ́ ní 1685. Ibẹ̀ wá di Igun Faransé, èyí tí í ṣe ìtumọ̀ Franschhoek. Ṣùgbọ́n wọn kọ́ ni ó kọ́kọ́ gbin àjàrà sí ilẹ̀ Cape. Jan van Riebeeck ti gbìn ín ní 1655, a sì fún wáìnì àkọ́kọ́ níbẹ̀ ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì, 1659.

Ìgbà òtútù ni oṣù Keje ní ilẹ̀ náà, kò sì sí ewé lórí igi. Kí a má purọ́, ohun tí a rí kò wù wá: kùkùté dúdú tí kò ga ju ìbàdí ènìyàn lọ, tí ẹ̀ka gbígbẹ gùn lórí rẹ̀ bí irun tí a kò yà. Bàbá onílé àti ọmọbìnrin rẹ̀ mú àlùmọ́gàjí ńlá, wọ́n sì ń gé. A rò pé ẹ̀ka kan tàbí méjì ni wọn yóò gé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀ ni wọ́n gé dànù, tí ó fi ku ṣóńṣó kúkúrú tí ó ní ojú méjì péré. Bàbá náà ṣàlàyé pé lára ọ̀mùnú tuntun tí ó yọ láti inú igi ọdún tí ó kọjá ni èso ti ń wá. Bí a bá fi gbogbo ẹ̀ka sílẹ̀, èso yóò pọ̀, ṣùgbọ́n yóò kéré, kò sì ní dùn tó. Bí òtútù bá ń parí lọ, omi a máa kán láti ojú ọgbẹ́ náà. Wọn a ní àjàrà ń sunkún.

Ó tún fi kókó kan hàn wá ní ìsàlẹ̀ igi, bí orúnkún. Ibẹ̀ ni a ti lọ́ ọ. Kòkòrò tín-ín-tìn kan tí ń mu oje gbòǹgbò ti Amẹ́ríkà wá, ó ba ọgbà àjàrà ilẹ̀ Faransé jẹ́, a sì rí i ní Cape ní 1886. Ohun tí ó gba àjàrà là ni pé a lọ́ ẹ̀ka rẹ̀ sára gbòǹgbò àjàrà Amẹ́ríkà, èyí tí kòkòrò náà kò lè pa.

Ẹni tí ó bá mọ ẹmu ti mọ ìdajì iṣẹ́ wáìnì. Ìwúkàrà ni ó ń jẹ adùn inú àwọn méjèèjì, tí ó sì ń sọ ọ́ di ọtí. Ṣùgbọ́n ẹmu kò lè dúró de ọ̀la, wáìnì a sì máa gbé inú àgbá fún oṣù púpọ̀. Oje àjàrà dúdú kò pupa rárá. Inú èèpo ni àwọ̀ náà ti ń wá. Wọ́n bù fún wa, a sì tọ́ ọ wò díẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá wa wí lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Níbi tí a gbé ń tọ́ ọ wò ni bàbá arúgbó kan, òṣìṣẹ́ ọgbà náà, ti bá wa sọ̀rọ̀. Oko mìíràn ni a ti bí i. Ó wí pé wáìnì wà lára owó iṣẹ́ tí a ń san fún bàbá òun: agolo kan kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, òmíràn ní ìgbà oúnjẹ, òmíràn ní ìrọ̀lẹ́. Dop ni wọ́n ń pe àṣà náà. Láti ìgbà ẹrú ni ó ti wà, ó sì ń bá a lọ lẹ́yìn tí a tú àwọn ẹrú Cape sílẹ̀ pátápátá ní 1838. Àní lẹ́yìn tí òfin ti kọ̀ ọ́, àwọn oko kan kò jáwọ́. Kí a má sì rò pé ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì nìkan ni èyí. Ní 1658 ọkọ̀ Hasselt kó ẹrú tí ó ju 200 lọ dé Cape láti etí òkun Pópó, ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní.

A bi í pé, “Baba, ìyá yín ńkọ́?” Ó ní ìyá òun náà ń ṣiṣẹ́ lóko, ó sì ń mu nínú rẹ̀, àní nígbà tí ó lóyún àbúrò òun ọkùnrin. Ọmọ náà kéré nígbà tí a bí i. Nígbà tí ó dé ilé ẹ̀kọ́, òǹkà kò wọ̀ ọ́ lórí. Ohun tí ó mọ̀ lánàá, kò mọ̀ ọ́n lónìí. Olùkọ́ rẹ̀ ń nà án lójoojúmọ́ pé olórí kunkun ni.

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú kí a kọ̀wé sí yín, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa. Àwọn oníṣègùn ti fi hàn pé ọtí tí aláboyún bá mu ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú rẹ̀, ó lè ba ọpọlọ ọmọ náà jẹ́ títí ayé, a kò sì mọ ìwọ̀n kan tí a lè pè ní aláìléwu. Agbègbè àjàrà wọ̀nyí wà lára ibi tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí jùlọ nínú ayé. Ẹmu àti ọgógóró kò yàtọ̀ nínú èyí, bẹ́ẹ̀ ni àgbo tí a fi ọtí rẹ. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ àwọn ìyá gbọ́ ọ. Bí ọmọ kan nínú kíláàsì wa bá sì ń gbàgbé lójoojúmọ́, ẹ jẹ́ kí a fi pàṣán sílẹ̀ ná, kí a máa kọ́ ọ ní díẹ̀díẹ̀, kí a sì máa tún un sọ.

Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, a béèrè ibi tí àbúrò náà wà. Bàbá náà nawọ́ sí ìpẹ̀kun ọgbà, níbi tí ọkùnrin kékeré kan tí irun rẹ̀ ti funfun ti ń kó ẹ̀ka gbígbẹ jọ sínú ọmọlanke. Ó gbójú sókè, ó sì juwọ́ sí wa.