Àkámọ́ àti Òfin Ìṣirò ní Èdè Yorùbá

Ojú a máa rí àkámọ́ nínú ìwé ìṣirò, ṣùgbọ́n etí kì í gbọ́ ọ. Bí olùkọ́ bá wí pé, ‘Ẹ yọ márùn-ún kúrò nínú ogún lọ́nà mẹ́ta,’ ìdáhùn mẹ́ta ni ó lè rí gbà:

20 − (5 × 3) = 5
(20 × 3) − 5 = 55
(20 − 5) × 3 = 45

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣi ìṣirò nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Gbólóhùn olùkọ́ ni kò dá ìtumọ̀ kan ní.

1. Àkámọ́. Iṣẹ́ tí a bá ká mọ́ ni a ó kọ́kọ́ ṣe. Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀, kí a fún èsì iṣẹ́ náà ní orúkọ: àpapọ̀ fún ìròpọ̀, ìyókù fún ìyọkúrò. Bí àpẹẹrẹ: ‘Ẹ yọ márùn-ún kúrò nínú ogún, ẹ sọ ìyókù di ìlọ́po mẹ́ta.’ Orúkọ náà ni ó dúró fún àkámọ́ lẹ́nu.

2. Òfin ìpààrọ̀-ipò. 7 + 4 = 4 + 7; 7 × 4 = 4 × 7. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún ìyọkúrò àti pínpín.

3. Òfin ìkójọ. (2 + 3) + 5 = 2 + (3 + 5). Bẹ́ẹ̀ náà ni ìsọdipúpọ̀ rí. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣí àkámọ́ nípò nínú ìyọkúrò, èsì a yí padà. Òǹkà wa ti fi èyí hàn tipẹ́. Àádọ́ta ni ẹ̀wá dín ní ọgọ́ta. Nítorí náà, márùndínláàádọ́ta ni (60 − 10) − 5, èyí tí í ṣe 45. Bí a bá wá kọ 60 − (10 − 5), márùndínlọ́gọ́ta, 55, ni a rí. Ẹni tí ó bá mọ òǹkà Yorùbá ti ń lo àkámọ́ láìmọ̀.

4. Òfin ìpínkárí. 5 × (20 + 3) = (5 × 20) + (5 × 3) = 115. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá rí 103 pín in, ṣùgbọ́n kò kárí. Orúkọ òfin náà fúnra rẹ̀ ni yóò tọ́ ọ sọ́nà.

Ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọdé ní ìṣirò. Ohun tí ó kù sọ́wọ́ àwa olùkọ́ àti atúmọ̀ ni pé kí a kọ ìbéèrè tí kò ní ju ìdáhùn kan lọ, kí a má baà gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ nítorí àṣìṣe tiwa.