Ẹni Tí Ejò Bù Jẹ Rí

Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá. Ẹ má fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ o.

Lọ́dún 2025, ìjà ilẹ̀ tó ti pẹ́ láàárín Ìlobùú, Ìfọ́n àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tún gbiná. Ilé jóná, ẹ̀mí ṣòfò, ìjọba Gómìnà Adémọ́lá Adélékè sì kéde kónílé-ó-gbélé tọ̀sán-tòru. Ìlú mẹ́ta tó ń fẹ́ ọmọ ara wọn! Ìrẹ́pọ̀dùn ni orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tí Ìlobùú àti Ẹ̀rìn wà. Orúkọ náà ń dùn mí báyìí bí mo bá pè é. Ilé tó jóná ni gbogbo ayé ń kà. Oorun tó dá lójú ọmọdé ni tèmi.

Mo mọ ọmọ ọdún méje kan tí wọ́n gbé sá wá sí Òṣogbo. Bí wọ́n bá ti yin báńgà ládùúgbò, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń wọ̀. Ó tún ti ń tọ̀ sílé. Ìyá rẹ̀ so kọ́kọ́rọ́ ilé wọn mọ́ ìṣẹ́tí ìró, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀kùn ọ̀hún ti jóná. Àwọn ará Palẹsítínì ni kọ́kọ́rọ́ yẹn rán mi létí. Ó lé ní 700,000 ènìyàn tí ogun lé kúrò nílé lọ́dún 1948. Títí dòní, àwọn ọmọ-ọmọ kan ṣì ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ilé bàbá àgbà nínú àgọ́, ogun mìíràn sì tún ti ká wọn mọ́bẹ̀ rí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má na ọmọ tí ẹ̀rù mú tọ̀ sílé. Ẹ má sọ fún opó pé "ó ti tó" nígbà tí kò tíì sọ tẹnu rẹ̀ tán. Ẹ jókòó tì í, kódà bó bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ẹ tètè dá ọmọ padà sílé ìwé, sáàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Kó mọ ìgbà oúnjẹ, kó mọ ìgbà oorun. Bí oṣù kan bá kọjá tí ara kò balẹ̀, tàbí tí àgbàlagbà ń sọ pé ayé ti sú òun, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Kì í ṣe wèrè, ọgbẹ́ ọkàn ni.

Èyí tó ṣòro jù: ẹ má kọ́ ọmọ lórúkọ ìlú tó yẹ kó kórìíra. Ọ̀la, ìlú ìyàwó rẹ̀ lè jẹ́.

Bí ìdílé kan láti ọ̀kan nínú ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wà ládùúgbò yín, ẹ lọ kí wọn lónìí.