Ẹ̀tọ́ Odídẹrẹ́ Lórí Omi Ìwẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, hadísì fi yé wa pé obìnrin kan wọ iná nítorí ológbò tí ó tì mọ́lé títí ebi fi pa á kú. Odídẹrẹ́ tí a fi sínú àgò náà kò lè lọ wá omi fúnra rẹ̀. Ọrùn wa ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ wà.

Nínú igbó, òjò ni ó fi ń wẹ̀. Ìyẹ́ rẹ̀ a máa yọ lẹ́búlẹ́bú funfun. Bí ọyẹ́ bá dé tí kò rí omi, ìyẹ́ a gbẹ, ara a sì máa yún un. Omi lásán tó, láìsí ọṣẹ, ní òwúrọ̀, kí ó lè gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Òmíràn ń fẹ́ àwo tí kò jìn. Òmíràn ń fẹ́ kí a wọ́n omi sókè kí ó máa kán lé e bí òjò. Bí ó bá na apá, tí ó tú ìyẹ́ ká, ó ń gbádùn rẹ̀ nìyẹn. Bí ó bá ń sá tí ó ń han, kí a dáwọ́ dúró. Àwọn kan a máa rì í bọ omi tipátipá (wọ́n ní àwọn ń tọ́jú rẹ̀!), ìyà ni àwa ka ìyẹn sí. Kí a gbé àwo sí tòsí rẹ̀, kí a sì yẹra. Ó lè tó ọjọ́ mélòó kan kí ó tó bọ́ sínú rẹ̀.