Ẹ̀kọ́ Kọkànlá: Àròkọ Lórí Olórin Tí Ó Ń Kọ Orin Olórin

Orí-ọ̀rọ̀ bí "Olórin kan tí mo fẹ́ràn" máa ń dùn mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí ó bá rí i nínú ìwé ìdánwò. Ẹni tí kò lè kọ ìlà márùn-ún lórí ìṣèjọba ìbílẹ̀ yóò ní òun lè kọ ojú ewé mẹ́ta lórí olórin. Ṣùgbọ́n bí a bá ka iṣẹ́ náà, kí ni a máa ń bá níbẹ̀? Ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. Tọmọdé tàgbà ni ó mọ̀ ọ́n. Orin rẹ̀ ń kọ́ni lọ́gbọ́n. Bí a bá yọ orúkọ olórin náà kúrò tí a fi ti ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, kò sí ohun tí yóò yí padà. Irú àròkọ bẹ́ẹ̀ kò tíì sọ ohunkóhun nípa olórin kankan.

Ọ̀rọ̀ náà tún le sí i bí olórin náà bá jẹ́ ẹni tí ó máa ń gbé orin ẹlòmíràn kọ. Àtúnkọ orin ni n ó máa pè é nínú ẹ̀kọ́ yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn a rò pé olè ni irú olórin bẹ́ẹ̀. Òmíràn a yìn ín bí ẹni pé òun ni ó ni orin náà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Àwọn méjèèjì ni ó ṣìnà.

Jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára. Nígbà tí mo ń kọ́ni ní agbègbè olómi Ìlàjẹ, ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi tí ó gbọ́ Yorùbá ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ní ìdánwò òpin ọdún, mo ní kí wọ́n kọ àròkọ lórí ọjọ́ ọdún kan ní ìlú wọn. Ọmọ yìí kọ ọ́ pé òun fi ẹsẹ̀ rin erùpẹ̀ pupa lọ sí àfin, àti pé ọkọ̀ bọ́ọ̀sì tí ó kọjá da eruku bo aṣọ òun. Bẹ́ẹ̀ ni orí òpó nínú omi ni ilé wọn wà, ọkọ̀ ojú omi ni ó sì ń gbé e wá sí ilé-ìwé láràárọ̀! Àròkọ inú ìwé atọ́nà kan ni ó há sórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo fún un ní òdo, mo sì ka iṣẹ́ rẹ̀ sókè títí gbogbo kíláàsì fi rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a wọlé fún sáà tuntun, kò padà wá. Wọ́n ní ó ti bá ẹ̀gbọ́n baba rẹ̀ lọ sídìí iṣẹ́ ẹja. Òdo tọ́ sí iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn kò tọ́ sí ọmọ náà. Ohun tí ó yẹ kí n kọ́ ọ ni bí a ti í gba orin lẹ́nu ẹlòmíràn kí ó tó di tẹni, n kò sì kọ́ ọ.

Wo bí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣe ti í ṣe é. Ní ọdún 1965, Otis Redding, olórin sóólù ará Amẹ́ríkà, gbé orin kan jáde tí ó pè ní "Respect". Ọkùnrin tí ó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ó fẹ́ kí ìyàwó òun bu iyì fún òun nínú ilé. Ní ọdún 1967, Aretha Franklin gba orin yìí kọ. Obìnrin ni ó wá ń sọ̀rọ̀ báyìí. Kò bẹ̀bẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni ó ń bèèrè. Àwọn arábìnrin rẹ̀ ń gbè é lẹ́yìn, ó sì ka lẹ́tà orúkọ orin náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ohun tí kò sí nínú ti Otis rárá. Ní ọdún yẹn kan náà, Otis fi àwàdà sọ lórí ìtàgé ní Monterey pé ọmọbìnrin kan ti gba orin náà lọ́wọ́ òun. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ èyí, ó ti sọ ohun tí a lè fi ọwọ́ tọ́ka sí: ta ni ó kọ́kọ́ kọ orin náà, ta ni ó tún un kọ, kí ni ó yí padà, kí ni ìyípadà náà sì ṣe sí ìtumọ̀ orin. Ìbéèrè tí ó kẹ́yìn yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbàgbé, òun gan-an sì ni olùmáàkì ń wá.

Àpẹẹrẹ tí ó tẹ̀lé e yìí, mo kọ ọ́ bí ẹni pé ọmọ Ìlàjẹ kan ni ó jókòó sí gbọ̀ngàn ìdánwò.

ÀPẸẸRẸ ÀRÒKỌ: OLÓRIN KAN TÍ MO FẸ́RÀN

Nínú àpótí pákó kan tí bàbá mi àgbà so mọ́ àjà ilé kí omi má baà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa ń kó àwo orin wọn sí. Ilé náà wà ní abúlé wa létí òkun, kò jìnnà sí Ayétòrò. Ìgbókòdá ni wọ́n ti ń ra bátìrì tí wọ́n fi ń gbọ́ giramafóònù wọn. Àwo tí wọ́n fẹ́ràn jù nínú wọn ni "Super Afro Soul" tí Orlando Julius àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Modern Aces, gbé jáde ní ọdún 1966. Láti ọwọ́ wọn ni mo ti mọ olórin yìí.

Ìkọ̀lé-Èkìtì ni wọ́n ti bí Orlando Julius Ekemode ní ọdún 1943. Ìbàdàn ni ó ti di olórin. Ó bá Eddy Okonta ṣeré kí ó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Háíláìfù ni orin ijó ní àwọn òtẹ́ẹ̀lì nígbà náà, ṣùgbọ́n àwo orin sóólù ti ń dé láti Amẹ́ríkà. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn wà tí ó jẹ́ pé bí James Brown ṣe ké ni àwọn náà ń ké, bí ó ṣe fò ni wọ́n ń fò. Èrò ìworan fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá fẹ́ James Brown, àwo James Brown fúnra rẹ̀ wà lọ́jà.

Ọ̀nà mìíràn ni Orlando Julius tọ̀. Nínú àwo tí mo wí yìí, ó kọ "My Girl", orin tí Smokey Robinson àti Ronald White ṣe fún ẹgbẹ́ Temptations, tí ó jáde ní ìparí ọdún 1964. Nínú ti àwọn Temptations, àwọn onívíolin pọ̀ lẹ́yìn akọrin, wọ́n tẹ́ orin náà bí ẹní. Ẹgbẹ́ háíláìfù ni Orlando Julius ní, pẹ̀lú gìtá, ìlù àti fèrè, ohun tí ó sì ní ni ó fi gbé orin náà. Kò yí èdè rẹ̀ padà, kò sì díbọ́n pé òun ni ó ni ín. Ohun tí ó ṣe ni pé ó fi í sí àárín àwọn orin Yorùbá nínú àwo kan ṣoṣo, tí ó fi di ọ̀kan nínú wọn. Bàbá mi àgbà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, síbẹ̀ bí ó bá ti kan orin yẹn, wọn a ní ìyá mi àgbà ni olórin náà ń kì. Màmá a ní irọ́ ni, wọn a sì máa rẹ́rìn-ín.

"Ijó Soul" tún wà nínú àwo yẹn kan náà. Orúkọ rẹ̀ sọ ohun tí ó jẹ́: ọ̀rọ̀ Yorùbá kan àti ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà kan jókòó pọ̀. Àwọn kan ní fèrè rẹ̀ jọ ti orin "I Got You" tí James Brown gbé jáde ní ọdún 1965. Èmi náà gbọ́ ìjọra yẹn. Ṣùgbọ́n àtúnkọ kọ́ ni èyí. Ará Ìbàdàn kan ni ó ń lo ohun tí ó gbọ́ láti fi ṣe ti ara rẹ̀. Nítorí irú orin báyìí ni ọ̀pọ̀ fi ka Orlando Julius mọ́ àwọn tí ó fi ìpìlẹ̀ afrobeat lélẹ̀, kí orúkọ Fẹlá tó gbilẹ̀ nídìí rẹ̀.

Ó lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1974, ó sì padà wálé ní ọdún 1998. Ilé-iṣẹ́ kan ní Sípéènì tún "Super Afro Soul" tẹ̀ fún àwọn tí wọn kò tíì bí nígbà tí ó kọ́kọ́ jáde. Ní ọdún 2014, nígbà tí ó ti di ẹni àádọ́rin ọdún, òun àti ẹgbẹ́ Heliocentrics ti ìlú London gbé "Jaiyede Afro" jáde, ó sì tún kọ orin James Brown kan nínú rẹ̀, "In the Middle". Oṣù kẹrin ọdún 2022 ni ó kú.

Òkun ti gba ilé bàbá mi àgbà. Òru ni omi dé, àwọn ọmọdé ni a kọ́kọ́ gbé sínú ọkọ̀, kò sí ẹni tí ó rántí àpótí tí ó wà ní àjà. Fóònù ìyá mi ni mo fi ń gbọ́ orin náà báyìí ní Ìgbókòdá. Mo gbé e fún bàbá mi àgbà lọ́jọ́ kan. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní ó dára, ó mọ́ ju ti àwọn lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí pé níbo ni ìró iyanrìn yẹn lọ, nítorí pé iyanrìn etí òkun ti ha àwo tiwọn, wọ́n sì ti rò láti ọjọ́ yìí wá pé ara ìlù ni.

ÀLÀYÉ LÓRÍ ÀPẸẸRẸ YÌÍ

Ṣe àkíyèsí pé akọ̀wé yìí kò sọ níbì kankan pé ohùn olórin náà dùn. Ó sọ pé violin ni ó wà nínú ti àkọ́kọ́, ìwọ fúnra rẹ sì rí i pé fèrè àti gìtá ni ó wà nínú ti èkejì. Ó pe ọdún àti orúkọ níbi tí ó dá a lójú nìkan. Níbi tí àríyànjiyàn wà, ó sọ ohun tí òun gbọ́, kò pe ẹnikẹ́ni ní olè. Bí mo bá ń máàkì rẹ̀, n ó yọ máàkì díẹ̀ nítorí ìpínrọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ó lọ sí Amẹ́ríkà"; ó sáré níbẹ̀ bí ẹni tí aago ń lé.

Má ṣe há àpẹẹrẹ yìí sórí. Bí òkun kò bá gba ilé bàbá rẹ àgbà, má kọ ọ́ pé ó gbà á. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe tò ó, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun kan tí ó wà nínú ilé, tí ó sì padà sí orí ohun náà, o lè gba ìyẹn kí o sì fi ìlù tìrẹ sí i.

IṢẸ́ ṢÍṢE

1. Wá orin kan tí olórin méjì ti kọ. Gbọ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀mẹta, kí o sì kọ ohun mẹ́rin tí èkejì yí padà sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ "dùn" kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀.

2. Bi àgbàlagbà kan ní ilé yín léèrè orin tí wọ́n ń jó sí nígbà èwe wọn, àti ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ ọ. Kọ ìpínrọ̀ kan lórí ìdáhùn wọn.

3. Kọ àròkọ tí kò dín ní 450 ọ̀rọ̀ lórí "Olórin kan tí mo fẹ́ràn". Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé ọ lọ sí ibi ijó, ọkọ̀ ojú omi ni kí o kọ.